ÌRÁNTÍ ẸNI ÀTI ÌTÀN ÌLÚ: OGUN ÀTI ÌṢÈLÚ NÍ ÀRÍWÁ ÈKÌTÌ, 1850–1983

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí ya ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ fún un, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọ̀kan jẹ́ òótọ́ kí èkejì jẹ́ irọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Èkìtì, nítorí pé díẹ̀ péré ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kọ sílẹ̀ kí ọdún 1900 tó dé.

Kí ó tó di pé ìjọba ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé, àwọn àgbà agbègbè yìí kì í fi iye ọdún ka ọjọ́ orí. Bí ènìyàn bá bi ìyá arúgbó kan léèrè pé ọdún wo ni wọ́n bí i, kò ní dá ọdún. Yóò ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já òun lẹ́nu ọmú nígbà tí àwọn ọmọ ogun darí dé láti Kírìjì, tàbí pé oyún òun ni ó wà nínú ìyá òun ní ọdún lùkúlùkú, èyí tí í ṣe 1918. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ka ènìyàn wá gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọdún sí ọjọ́ orí àwọn àgbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ogun àti ọ̀rọ̀ ìjọba di ohun tí ènìyàn fi ń ka ayé ara rẹ̀; ayé ẹni náà sì di ibi tí ogun náà ti rí ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí a bá gbé ìrántí ẹnìkọ̀ọ̀kan kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ogun àti ìṣèlú tí ìwé ń sọ nípa wọn, kí ni ọ̀kan ń rí tí èkejì kò rí? Ìdáhùn tí yóò jáde ní ìsàlẹ̀ ni pé ìwé náà jẹ́ ìrántí ẹnìkan tí ó ní ìhà tí ó dúró sí. Pé ìrántí ẹni tí kò mọ̀wé sì máa ń pa ohun tí ìwé fi sílẹ̀ mọ́. Àti pé ìpalára ni fún ìlú bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá sọnù.

2. Ayédé: ìlú tí ogun tẹ̀ dó

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdààmú ti ọ̀nà mẹ́ta wá bá àríwá Èkìtì. Àwọn ológun Ìlọrin ń ti ìhà àríwá wá. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń jagun ní ilẹ̀ Yàgbà àti Àkókó, ìyọnu wọn sì ń dé ẹ̀bá Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn náà ni Ìbàdàn ti ìhà ìwọ̀-oòrùn dé, tí ó sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú. Nínú ìdààmú yìí ni Ayédé ti jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1850, lẹ́yìn tí ogun tú Ìyè ká, Èṣùbíyìí, tí ó jẹ́ Balógun Ìyè, kó àwọn tí ó kù jọ sí ibùdó tuntun. Kò dá ipò ọba padà fún ìdílé tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di Atá, ó sì sọ ìlú náà di ìlú ológun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ nìkan yóò rí Èṣùbíyìí gẹ́gẹ́ bí akọni tí ó dá ìlú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí Ayédé kò dúró síbẹ̀. Yemọja ni òrìṣà tí Èṣùbíyìí gbé ga gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ọba. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Yemọja, àwọn ìyá olórìṣà a máa gbé igbá láti inú igbó wá sí ààfin, igbá náà kò sì gbọdọ̀ bọ́ lórí ẹni tí ó rù ú. Andrew Apter, onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Ayédé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1992, ṣàlàyé pé nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí kò ṣeé sọ ní gbangba ń fara pamọ́ sí. Àdúgbò tí ó ti ní ọba tirẹ̀ kí Èṣùbíyìí tó dé kò lè dìde ní gbangba kí ó sọ pé wọ́n gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òrìṣà rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti àṣírí àwọn àwòrò rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ìrántí kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ó lè wà nínú ohun tí wọ́n ń gbé lórí, nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ìlú, àti nínú ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ kí ọba.

3. Kírìjì àti àwọn tí ìwé àdéhùn kò dárúkọ

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ìròyìn náà tàn ká, wọ́n sì dojú kọ àwọn ajẹ́lẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn alájọṣe wọn parapọ̀. Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ ni Èkìtì Parapọ̀. Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkirun ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá 1878, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Jálumi, ṣùgbọ́n ogun kò parí. Àwọn méjèèjì tẹ̀dó kọjú sí ara wọn lórí òkè láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé, ọ̀nà Oǹdó sì ni wọ́n gbà kó wọn wá. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún lórí òkè náà ni wọ́n sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ogun ní 1885.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lábẹ́ Gómìnà Moloney ti Èkó. Ìwé náà sọ pé àwọn ọba àti ìlú tí ó wà nínú Èkìtì Parapọ̀ yóò máa wà ní òmìnira. Ọba mẹ́rin ni ó dúró fún ẹgbẹ́ náà: Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò Ìjerò àti Ọlọ́jùdó Ìdó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn ibùdó méjèèjì tú ká, tí wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí àwọn ọba mẹ́rin yìí. Ìdó wà láàárín wọn; Ẹlẹ́kọ̀lé àti Ọlọ́yẹ́ kò sí láàárín wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ kò mọ ogun náà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé òfin àdéhùn kò lè gba ju olórí lọ. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ìlú tí ó fi ọmọ ránṣẹ́, fún obìnrin tí ó ru oúnjẹ lọ sí ibùdó, tàbí fún ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú kí Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1886 ti rí ogun láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àwọn aṣojú fọwọ́ sí ìwé ní Èkó kọ́ ni ogun parí. Ọjọ́ tí ó lè lọ sí oko òkèèrè láìmú ìbọn lọ́wọ́ ni.

Àwọn tí ogun ti kó lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, pàápàá lẹ́yìn 1893 tí Gómìnà Carter rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká tí ogun Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀ffà sì tán. Àwọn mìíràn bá ilé tí ó ti di ahoro. Àwọn mìíràn bá ìyàwó wọn ní ilé ọkọ mìíràn. Àwọn kan mú ìwé àti ẹ̀sìn tuntun bọ̀. Bí ìjọ Kírísítì ṣe wọ ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ní òpin ọ̀rúndún náà kò ṣeé yà kúrò lára ìpadàbọ̀ àwọn ẹrú wọ̀nyí. Ohun tí ìwé ìjọ pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìhìnrere ni ìdílé pè ní ọdún tí bàbá wa padà wálé.

4. Òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ nípa Kírìjì ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Johnson kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Ní 1882, òun ni ó mú ìwé Aláàfin lọ bá Gómìnà ní Èkó láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá wọn parí ogun. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n rán lọ sí àwọn ibùdó ogun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Nítorí náà, ohun tí ó kọ nípa ọdún wọ̀nyí jẹ́ ìtàn, ó sì tún jẹ́ ìrántí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹlẹ́rìí dúró sí ni ó ń pinnu ohun tí ó rí. Ìbàdàn ni Johnson ti ṣiṣẹ́, Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣe àlùfáà títí ó fi kú ní 1901, Ọ̀yọ́ sì ni àárín gbùngbùn ìwé rẹ̀. Ó mọ àwọn ìjòyè Ìbàdàn ní orúkọ, ìwà àti oríkì. Nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ Èkìtì, ojú ẹni tí ó wà ní ìhà kejì ni ó fi ń wo ilẹ̀ náà. Àwọn ìlú àríwá Èkìtì sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ogun dé, tí wọ́n kó, tí wọ́n sì kúrò. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Òtítọ́ tí ó mọ̀ ni ó kọ.

Ìrìn àjò ìwé náà fúnra rẹ̀ fi bí ìrántí ṣe jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́ hàn. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, nítorí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. 1921 ni ó tó jáde. Ogun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwé tí ó sọ ìtàn ogun mìíràn.

Àwọn tí ó wá tún ìwọ̀n náà ṣe jẹ́ ọmọ Èkìtì. Wọ́n bí J. F. Adé Àjàyí ní Ìkọ̀lé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1929. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́kọ̀lé ní ìgbà ìjọba ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà àdéhùn 1886 kò ju ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lọ nígbà tí wọ́n bí Àjàyí. Ìlú tí àwọn ẹlẹ́rìí ogun ṣì wà láàyè ni ó dàgbà sí. Ní 1964, òun àti Robert Smith tẹ ìwé jáde lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1971, S. Adébánjí Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, tẹ ìwé jáde lórí ìṣèlú àti ìyípadà ní ilẹ̀ Yorùbá láti 1840 sí 1893. Nínú ìwé yìí, Èkìtì kì í ṣe ibi tí ogun dé mọ́. Ó di ibi tí àwọn ènìyàn ti pinnu láti kọ ìsìnrú.

5. Ààlà tí ó gba àárín ẹbí kọjá

Ohun tí ogun kò pín, ìjọba tuntun pín in. Ní 1900, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àwọn ọba Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Ambrose, wọ́n sì ń pàdé ní Òkè Ìmọ̀ ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fa ààlà láàárín Èkó àti Àríwá Nàìjíríà, Ọ̀tùn bọ́ sí abẹ́ Ìlọrin. Ọọ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọba mẹ́rin inú àdéhùn 1886, wá bá ara rẹ̀ lábẹ́ ìṣàkóso ìlú tí àwọn baba rẹ̀ ti bá fa wàhálà. 1936 ni Ọ̀tùn tó padà sí Èkìtì.

Nínú ìwé ìjọba, ọ̀rọ̀ nípa owó orí, kọ́ọ̀tù àti ipò Ẹmíà ni èyí. Nínú ìrántí àwọn ará ilé, ó yàtọ̀. Ìdó àti Ọ̀tùn kò jìnnà sí ara wọn. Ìyàwó ń lọ, ìyàwó ń bọ̀ láàárín wọn. Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àna rẹ̀ lè rí i pé ìjọba méjì ni àwọn méjèèjì ń jíhìn fún. Ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀tùn ní 1901 ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì kí ó tó di ará Èkìtì nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ọjọ́ kan tí kò jẹ́ ará Èkìtì ní ẹnu ìyá rẹ̀.

6. Bọ́mà

Ogun àgbáyé kejì bá Èkìtì ní ìgbà tí kòkó ti di owó ilé. Láti 1939 ni ìjọba ti gba ríra kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń dá iye rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Díẹ̀ ni ó kọ ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ará Ẹ̀mùrẹ́-Ilé ní agbègbè Ọ̀wọ̀, tí ó wà ní ẹkùn Oǹdó kan náà pẹ̀lú Èkìtì nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n ní etí odò ní àfonífojì Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú. Ẹsẹ̀ Fadoyebo ṣẹ́, òun àti David Kargbo ará Sàró sì wà nínú igbó lẹ́yìn tí àwọn ọ̀tá kọjá. Shuyiman, àgbẹ̀ mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀, àti ìdílé rẹ̀ fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé. Fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sí ìwé tí ó lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ilé.

Ìwé tí Fadoyebo kọ nípa ayé ara rẹ̀ jáde ní 1999. Kò fi ara rẹ̀ ṣe akọni nínú rẹ̀. Ó kọ nípa ebi, nípa ìgbẹ́ tí kò lè dìde lọ yà, nípa ìyanu pé ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú ìwé ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Fadoyebo kú ní 2012. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìtàn ogun náà nínú ìwé àwọn ọ̀gágun sọ ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun gbà kọjá; ti Fadoyebo sọ ẹni tí ó bu omi fún un.

Àwọn ọmọ Èkìtì tí ó lọ sí ogun kan náà padà wá pẹ̀lú ìtàn tiwọn. Àwọn kan sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Àwọn kan kò sọ ọ́ rí. Ohun tí wọn kò sọ ti bá wọn wọ ilẹ̀.

7. Láti 1965 sí 1983

Ìdìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mú iná àti ìpànìyàn wá, èyí tí wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gba ìjọba. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1926, di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Ironsi, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún náà. Ìtàn tí Yorùbá ń sọ ni pé ó kọ̀ láti yọ̀ǹda àlejò rẹ̀. Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ni ó rọ́pò rẹ̀. Nínú oṣù Keje 1967 ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ni ọmọ ogun Bìáfúrà wọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì dé Oré ní ẹkùn Oǹdó. Ogun tí ó dà bí ohun tí ó jìnnà wá di ohun tí ó wà ní ìrìn ọjọ́ kan. Títí di òní, ẹni tí nǹkan bá le fún ṣì máa ń fi ìjà Oré ṣe àpèjúwe. Ogun parí ní oṣù Kìn-ín-ní 1970.

Ní 1983, ìdìbò tún dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN, ọmọ Ìjerò tí ó ti ṣe igbákejì Gómìnà rí, ni ó wọlé. Àwọn ènìyàn ní Michael Ajáṣin ti ẹgbẹ́ UPN ni àwọn dìbò fún. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn, kí kọ́ọ̀tù tó dá ipò náà padà fún Ajáṣin. Ìjà náà kì í ṣe láàárín àlejò àti onílé. Ọmọ ìyá, ọmọ ìjọ kan náà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni ó dojú kọ ara wọn. Ìdí nìyí tí ìrántí rẹ̀ fi ṣòro ju ti Kírìjì lọ. Nípa Kírìjì, ìlú lè pa ohùn pọ̀ sọ pé wọ́n jẹ wá ní ìyà, a sì kọ̀. Nípa 1983, ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ àti ẹni tí ó mú iná dání lè máa gbé àdúgbò kan náà, kí wọ́n jọ máa kí ara wọn ní òwúrọ̀. Ìwé ìròyìn àti ìdájọ́ kọ́ọ̀tù wà. Ohùn àwọn méjèèjì ni kò sí nínú rẹ̀.

8. Ìkádìí

Àkọsílẹ̀ fún àríwá Èkìtì ní ọjọ́, orúkọ àwọn olórí àti ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ìrántí ẹnìkọ̀ọ̀kan fún un ní ohun tí àdéhùn náà jẹ́ nínú ilé. Ayédé fi hàn pé ọdún òrìṣà lè pa ẹjọ́ tí ìtàn ààfin ti dá mọ́. Johnson fi hàn pé ẹni tí ó kọ̀wé ní ìhà tirẹ̀. Ọ̀tùn fi hàn pé ààlà lè yí orúkọ ènìyàn padà láìyí i padà. Fadoyebo fi hàn pé ìrántí ẹnìkan tí ó jẹ́ òótọ́ lè gbé ogun ńlá kan wá sí ibi tí ojú lè rí i.

Kò sí ẹlẹ́rìí Kírìjì láàyè mọ́. Àwọn tí ó ti Bọ́mà bọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1967 ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, 1949 ni wọ́n bí i. Àgbà ni báyìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1983 ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ní àárín agbègbè tí iṣẹ́ yìí ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí. Bí wọ́n bá lọ, kí wọ́n má ṣe béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn ní àkọ́kọ́. Kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ wọn, àti ẹni tí kò padà wálé mọ́. Ọdún yóò tẹ̀lé e.